Ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣọ́ ọkàn: ohun tó yẹ kí ilé tí ẹnì kan ti ń dákú mọ̀

Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Ṣùgbọ́n ikú kan wà tí kì í jẹ́ kí èèyàn kọ́kọ́ dùbúlẹ̀ àìsàn. Ẹni náà á máa rìn, á máa sọ̀rọ̀, á máa pọn omi, lójijì á ṣubú, ó parí. Àwọn oníṣègùn ti rí i pé nínú ọ̀pọ̀ irú ikú bẹ́ẹ̀, bí ọkàn ṣe ń lù ló dàrú. Wọ́n sì ti ní ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń fi sínú àyà èèyàn, tó ń ṣọ́ ọkàn tọ̀sán tòru, tó sì ń tún un ṣe nígbà tó bá dàrú. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ náà la gbé wá fún yín lónìí, ẹ̀yin èèyàn wa, nítorí pé nínú ilé tí ẹnì kan ti ń dákú láìnídìí, ó yẹ kí wọ́n gbọ́ ọ.

Agbábọ́ọ̀lù mẹ́ta, ìṣubú kan náà

Àwọn tó ń gbọ́ rédíò Èkó ní ọdún 1989 á rántí Samuel Okwaraji. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún náà, Nàìjíríà ń bá Àǹgólà gbá bọ́ọ̀lù ní pápá ìṣeré ńlá ìlú Èkó. Eré náà ti ń lọ sí òpin nígbà tí Okwaraji ṣubú. Kò sí ẹni tó tì í, kò sí ẹni tó gbá a lẹ́sẹ̀. Ọmọ ọdún 25 ni, kò sì dìde mọ́. Nígbà tí àwọn dókítà yẹ òkú rẹ̀ wò, wọ́n rí i pé ọkàn rẹ̀ ti tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, àti pé ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 2003, ohun tó jọ ọ́ ṣẹlẹ̀ sí Marc-Vivien Foé, ọmọ Kamẹrúùnù, ní ìlú Lyon ní ilẹ̀ Faransé. Ọmọ ọdún 28 lòun.

Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2021, Christian Eriksen, ọmọ ilẹ̀ Dẹ́ńmákì, ṣubú bákan náà níbi tí wọ́n ti ń bá Fínlándì gbá bọ́ọ̀lù ní ìlú Copenhagen. Àwọn dókítà sáré dé, wọ́n ń tẹ àyà rẹ̀, wọ́n fi iná mànàmáná ta ọkàn rẹ̀ jí, ó sì sọjí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré sí i láyà. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì ọdún 2022, ó ti padà sórí pápá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ìparí ọdún yẹn kan náà, ó gbá bọ́ọ̀lù ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní Kàtárì. Ní ọdún 2024, nínú ìdíje ilẹ̀ Yúróòpù, ó gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n Slovenia. Ẹ̀rọ yẹn wà láyà rẹ̀ ní gbogbo àsìkò náà.

A ò ní sọ pé ẹ̀rọ yìí ì bá ti gba Okwaraji là. Ọlọ́run nìkan ló mọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun kan dá wa lójú: ní ọdún 1989 tó kú, ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tí wọ́n ti fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sára èèyàn àkọ́kọ́.

Bí ọkàn ṣe ń lù

Ọkàn èèyàn kò ju ẹ̀ṣẹ́ tí a di lọ. Nínú ara onílera tó jókòó jẹ́ẹ́, á máa lù láàárín ìgbà 60 sí 100 ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Bí a bá ṣírò rẹ̀ láti àárọ̀ di àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ń lọ sí nǹkan bí 100,000 ìgbà.

Iná díẹ̀ ló ń mú kó lù, iná tí ara fúnra rẹ̀ ń dá. Ní apá òkè ọkàn, lọ́wọ́ ọ̀tún, ibì kan wà tó ń ta iná náà, iná yẹn á sì gba ọ̀nà rẹ̀ lọ sí apá ìsàlẹ̀. Ẹ wò ó bí ìlù dùndún. Ìyá ìlù ló ń pe, àwọn omele á tẹ̀ lé e, ijó á sì dùn. Bí ọkàn náà ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Ọ̀nà méjì ni ìlù yìí ń gbà bàjẹ́. Ọ̀kan ni kó falẹ̀ jù. Ìyá ìlù ń pe, àwọn yòókù kò gbọ́. Ọkàn lè lù ní ìgbà 30 péré ní ìṣẹ́jú kan, tàbí kó tiẹ̀ dúró díẹ̀. Òòyì á máa kọ́ onítọ̀hún, á máa rẹ̀ ẹ́, nígbà míì á dákú. Èkejì ni kó yára jù, tàbí kó dàrú pátápátá. Olúkúlùkù onílù ń lu tirẹ̀. Ọkàn á kàn máa gbọ̀n bí ẹja tí wọ́n ju sílẹ̀, kò ní lè ti ẹ̀jẹ̀ lọ sí ibì kankan. Láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ojú á ṣú, onítọ̀hún á ṣubú. Bí wọn kò bá ṣe nǹkan kan sí i, ìrètí pé á yè á máa dín kù ní bí ìdámẹ́wàá ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan tó bá kọjá. Tó bá fi máa pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ṣòro.

Ẹ má ṣe da èyí pọ̀ mọ́ kí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ dí nínú ọkàn. Àìsàn yẹn dà bí ìgbà tí omi kò bá ṣàn mọ́ nínú páìpù. Ti ìlù ọkàn dà bí ìgbà tí iná ilé bá ń ṣe ségesège. Lóòótọ́ àkọ́kọ́ lè fa èkejì, ṣùgbọ́n ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Ọdẹ tí kì í sùn

Ẹ̀rọ tí à ń sọ yìí jẹ́ àpótí irin kékeré pẹlẹbẹ tó lè wọ àtẹ́lẹwọ́. Bátìrì àti kọ̀ǹpútà kékeré ló wà nínú rẹ̀. Dókítà á la awọ ara díẹ̀ lábẹ́ eegun èjìká, lọ́wọ́ òsì lọ́pọ̀ ìgbà, á sì fi í síbẹ̀. Wáyà tín-ín-rín kan á gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ lọ kan ọkàn. Lọ́pọ̀ ìgbà, wọn kì í la àyà, èèyàn sì lè padà sílé láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Èyí àkọ́kọ́ ni tàwọn tí ọkàn wọn falẹ̀. Tó bá ti rí i pé ìlù pẹ́ kó tó dún, á fi iná díẹ̀ rọra ta ọkàn. Ẹni tó gbé e kò ní mọ̀ rárá. Àwọn dókítà wa tó ń sọ Faransé náà ń pè é ní pacemaker.

Èkejì lágbára jù ú lọ. Òun ni wọ́n fi sí Eriksen láyà. Ó ń ka gbogbo ìlù ọkàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ìlù bá falẹ̀, ó lè ta á jí bíi ti àkọ́kọ́. Bó bá yára jù, á kọ́kọ́ ta iná kéékèèké mélòó kan tó yára ju ìlù ọkàn náà lọ, kó lè gba ìlù lọ́wọ́ rẹ̀. Tí ìyẹn kò bá ràn án, tàbí tí ọkàn bá ti ń gbọ̀n, á kó iná jọ, á sì jù ú sínú ọkàn lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tó ti ṣẹlẹ̀ sí sọ pé ńṣe ló dà bí ìgbà tí ẹṣin bá ta èèyàn nípàá láyà. Ó ń dunni. Ṣùgbọ́n kí aládùúgbò tó sáré dé, ó ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Ó dà bí ọdẹ tó ń ṣọ́ ọjà: kì í sùn, kò sì dìgbà tí olè bá wọlé tán kó tó pariwo.

Ọ̀rẹ́ tó kú ló bí i

Ẹni tó kọ́kọ́ ronú ẹ̀rọ kejì yìí ni dókítà Michel Mirowski. Ìlú Warsaw ní ilẹ̀ Pólándì ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1924. Ogun Hitler lé e kúrò nílé nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọdé. Nígbà tí ogun parí, òun nìkan ló ṣẹ́ kù nínú ìdílé rẹ̀. Ó kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Lyon ní ilẹ̀ Faransé, ó sì lọ ṣiṣẹ́ ní Ísírẹ́lì.

Níbẹ̀ ni ọ̀gá rẹ̀ tó tún jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, Harry Heller, ti bẹ̀rẹ̀ sí í ní àìsàn ìlù ọkàn tó ń yára jù. Gbogbo wọn mọ̀ pé ó lè pa á nígbàkígbà. Ní ọdún 1966, Heller jókòó ti oúnjẹ pẹ̀lú ìdílé rẹ̀, ó ṣubú, ó sì kú. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn Mirowski. Ní àsìkò yẹn, àwọn ilé ìwòsàn ti ní ẹ̀rọ ńlá tó ń fi iná ta ọkàn jí, ṣùgbọ́n aláìsàn kò lè máa gbé ilé ìwòsàn títí ayé. Ó wá bi ara rẹ̀ pé: kí ló dé tí a ò lè sọ ẹ̀rọ ńlá yẹn di kékeré, kí ó máa bá aláìsàn lọ sílé?

Ní ọdún 1968 ó kó lọ sí Baltimore ní Amẹ́ríkà. Ibẹ̀ ni òun àti dókítà Morton Mower ti dáwọ́ lé iṣẹ́ náà. Kò rọrùn. Owó kò sí, àwọn onímọ̀ ńlá sì kọ̀wé ní ọdún 1972 pé iṣẹ́ náà kò wúlò, wọ́n ní kò bọ́gbọ́n mu. Àwọn méjèèjì kò dáhùn pẹ̀lú ariwo. Wọ́n ya fíìmù kan: ajá kan tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ sí nínú dúró, wọ́n mú kí ìlù ọkàn rẹ̀ dàrú, ajá ṣubú bí òkú. Láìpẹ́, ẹ̀rọ ta á jí, ajá dìde, ó sì ń ju ìrù. Ẹni tó bá rí i kò lè jiyàn mọ́.

Ní ọjọ́ 4 oṣù kejì ọdún 1980, ní ilé ìwòsàn Johns Hopkins ní Baltimore, wọ́n fi ẹ̀rọ náà sára èèyàn fún ìgbà àkọ́kọ́. Obìnrin ẹni ọdún 57 kan tó wá láti California ni. Ọkàn rẹ̀ ti dákẹ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Dókítà tó mú ọ̀bẹ lọ́jọ́ náà jẹ́ ọmọ adúláwọ̀, Levi Watkins lorúkọ rẹ̀. Ìlú Montgomery ní gúúsù Amẹ́ríkà ló dàgbà sí, ní ayé tí wọn kì í jẹ́ kí dúdú àti funfun jókòó pọ̀ nínú ọkọ̀. Òun ni ọmọ dúdú àkọ́kọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Yunifásítì Vanderbilt gbà wọlé, ní ọdún 1966. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ẹ̀rọ yìí ti dá padà sílé lónìí ni kò mọ̀ pé ọwọ́ ọmọ adúláwọ̀ ló kọ́kọ́ fi í sára èèyàn.

Ní ọdún 1985, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa lò ó. Mirowski kú ní ọdún 1990.

Agolo ìpàra bàtà àti ọkùnrin tó sin àwọn dókítà rẹ̀

Ẹ̀rọ àkọ́kọ́, ti ọkàn tó falẹ̀, ti wà ṣáájú ìyẹn. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹwàá ọdún 1958, ní ìlú Stockholm ní ilẹ̀ Swídìn, wọ́n fi í sínú ara Arne Larsson, ẹni ọdún 43. Ọkàn rẹ̀ falẹ̀ débi pé ó ń dákú lọ́pọ̀ ìgbà lóòjọ́. Ìyàwó rẹ̀, Else-Marie, ló lọ bá dókítà Åke Senning àti Rune Elmqvist tó ń ṣe ẹ̀rọ. Wọ́n ní àwọn kò tíì ní èyí tí wọ́n lè fi sára èèyàn. Obìnrin náà kò fi wọ́n lọ́rùn sílẹ̀ títí wọ́n fi gbà. Elmqvist da oje tó ń gan sínú agolo ìpàra bàtà, ó sì fi ṣe ara ẹ̀rọ náà.

Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ yẹn kò lò ju wákàtí díẹ̀ lọ kó tó bàjẹ́. Wọ́n fi òmíràn sí i. Larsson pààrọ̀ ẹ̀rọ ju ogún lọ láyé rẹ̀. Ó kú ní ọdún 2001, ẹni ọdún 86, lẹ́yìn tí Senning àti Elmqvist ti kú. Àìsàn jẹjẹrẹ ló pa á, kì í ṣe ọkàn.

Bí wọ́n ṣe ń gbé pẹ̀lú rẹ̀

Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ yìí lè tajà, ó lè lọ sóko, ó lè bá ọkọ tàbí aya rẹ̀ sùn, ó lè bímọ. Ṣùgbọ́n àwọn ìkìlọ̀ kan wà.

Kí ó má ṣe fi fóònù sínú àpò àyà tó wà lórí ẹ̀rọ. Kí fóònù jìnnà sí i tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15. Bákan náà ni mágínẹ́ẹ̀tì inú gbohùngbohùn ńlá. Kí ó jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń jó irin pọ̀, kí ó má sì fara ti jẹnẹrétọ̀ tó ń ṣiṣẹ́. Wọ́n á fún un ní káàdì kan tó yẹ kí ó máa wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó lè fi hàn ní pápákọ̀ òfurufú àti níwájú dókítà èyíkéyìí. Bátìrì rẹ̀ ń lò tó ọdún márùn-ún sí mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, lẹ́yìn náà wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀. Torí náà, ó gbọ́dọ̀ máa padà lọ fún àyẹ̀wò.

Bí ẹ̀rọ bá ta á lẹ́ẹ̀kan, tí ara rẹ̀ sì yá lẹ́yìn náà, kí ó sọ fún dókítà rẹ̀. Bó bá ta á lẹ́ẹ̀mejì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí ara rẹ̀ kò yá, ilé ìwòsàn ló kàn lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó ń gun zémìjan tàbí tó ń wa ọkọ̀ gbọ́dọ̀ bi dókítà kó tó padà sójú ọ̀nà. Ẹ má bẹ̀rù láti fọwọ́ kàn án. Bí ẹ̀rọ bá ta á nígbà tí ẹ dì í mú, kò ní pa yín lára.

Ẹ̀rọ yìí kì í wo ọkàn tó ń ṣàìsàn sàn, kì í sì í wo ẹ̀jẹ̀ ríru. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ìlù má dàrú di ikú. Oògùn ṣì gbọ́dọ̀ máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Owó ńkọ́?

Ibí yìí lọ̀rọ̀ ti le. Ẹ̀rọ tó ń ju iná sínú ọkàn yẹn, ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù fránkì sẹ́fà ni. Èyí tó wà fún ọkàn tó falẹ̀ kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ owó rẹ̀ ju ohun tí ọ̀pọ̀ ìdílé àgbẹ̀ lè kó jọ lọ́dún kan.

Àwọn dókítà kan ti ń ronú bí àwa náà ṣe ń ronú nípa ọkọ̀ àlòkù tó ń gúnlẹ̀ sí Kùtọnu. Bí aláìsàn kan bá kú ní ilẹ̀ olówó, tí bátìrì ẹ̀rọ rẹ̀ sì ṣì lágbára, ṣé kí wọ́n sin ín mọ́ ọn ni? Ní ìlú Montréal ní Kánádà, pẹ̀lú àṣẹ ìdílé, wọ́n ń gbà á, wọ́n ń fọ̀ ọ́, wọ́n ń pa gbogbo kòkòrò ara rẹ̀, wọ́n sì ń fi ránṣẹ́ sí àwọn orílẹ̀-èdè tí owó kò pọ̀. Ní ọdún 2020 wọ́n gbé àbájáde jáde lórí èèyàn 1,051 tó gba irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní Mẹ́síkò, Dominican Republic, Guatemala àti Honduras. Láàárín ọdún méjì, nǹkan bí èèyàn 2 nínú 100 ni egbò tàbí kòkòrò bá jà. Láàárín àwọn ọmọ Kánádà tó gba tuntun, ó lé díẹ̀ ní 1 nínú 100. Àwọn onímọ̀ ní ìyàtọ̀ náà kò tó ohun tí a fi lè dá ẹ̀rọ àlòkù lẹ́bi. Ìlẹ̀kùn kan nìyẹn tí àwọn ìjọba wa lè kàn.

Ohun tó kù sọ́wọ́ wa

Kí owó tó wọ̀ ọ́, ìmọ̀ ló ṣáájú. Ẹ̀rọ tó dára jù lọ láyé kò lè ran ẹni tí kò mọ̀ pé ọkàn ló ń ṣe é lọ́wọ́. Nílẹ̀ wa, bí ọ̀dọ́ bá ń dákú, a máa ń sọ pé ayé ló ń ṣe é. A ò ní kí ẹnikẹ́ni má gbàdúrà, a ò sì ní kí ẹnikẹ́ni má lọ bá àgbà. Ohun tí à ń sọ ni pé kí ẹ tún gba ilé ìwòsàn lọ.

Ẹ lọ bí ẹnì kan bá dákú nígbà tó ń sáré tàbí tó ń ṣiṣẹ́ agbára. Ẹ lọ bí ẹnì kan bá ń dákú láìsí ebi, láìsí ibà, láìsí ìbẹ̀rù. Ẹ lọ bí àyà bá ń lù kìkìkì lójijì tí òòyì sì ń kọ́ onítọ̀hún. Ẹ lọ pàápàá bí ọ̀dọ́ méjì tàbí mẹ́ta bá ti kú lójijì nínú ìdílé kan náà, nítorí irú àìsàn ọkàn kan wà tó ń ti ara òbí bọ́ sára ọmọ. Ẹ ní kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní ECG. Wọn kì í gún èèyàn lábẹ́rẹ́ fún un, wọ́n kàn ń lẹ wáyà mọ́ àyà, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Bí wọ́n bá rí nǹkan, wọ́n á darí yín sọ́dọ̀ dókítà ọkàn ní ilé ìwòsàn ńlá, bíi CNHU ní Kùtọnu tàbí CHU Sylvanus Olympio ní Lomé. Kí ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru sì má ṣe fi oògùn rẹ̀ sílẹ̀ nítorí pé ara yá. Ẹ̀jẹ̀ ríru tó pẹ́ lára láìní ìtọ́jú ló ń sọ ọkàn di ńlá.

Bí ẹnì kan bá ṣubú níwájú yín, tí kò dáhùn, tí kò sì mí dáadáa, ẹ má da omi lé e lórí, ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Kí ẹnì kan sáré wá ọkọ̀ àti ìrànlọ́wọ́. Kí ẹlòmíràn kúnlẹ̀, kí ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé àárín àyà rẹ̀, kí ó máa tẹ̀ ẹ́ wọlé tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, kí ó sì yára: 100 sí 120 ìgbà ní ìṣẹ́jú kan. Bó bá rẹ̀ ẹ́, kí ẹlòmíràn gbà á. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún Eriksen nìyẹn kí iná tó dé. Kò gba owó, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ náà sì lè kọ́ ọ.

Àìsàn là á wò, a kì í wo ikú, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ìdákú kì í ṣe ikú. Àìsàn ni, ó sì ní ẹni tó ń wò ó. Bí ẹnì kan bá wà nílé yín tó ti ń dákú, ẹ má jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ yìí parí kí ẹ tó gbé e lọ.